Bí ẹ ṣe máa kan plywood mọ́ orí pákó adènà-ariwo kí ẹ tó tẹ́ vinyl

Ìbéèrè kan náà ló ń dé etí mi lemọ́lemọ́. "Pákó adènà-ariwo ló wà nílẹ̀ yàrá mi. Mo fẹ́ tẹ́ vinyl (ìtẹ́lẹ̀ oníke), ẹni tó fẹ́ bá mi tẹ́ ẹ sì ní àfi kí n kọ́kọ́ fi plywood bo ilẹ̀ náà. Síkúrúù wo ni kí n rà?" Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ kò ní yọ nísàlẹ̀ apá líle pákó tó wà nílẹ̀. Bó bá yọ, tó la fóòmù já, tó sì kan ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ pákó adènà-ariwo yẹn ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí bí ẹ ṣe máa ṣe é tí ilẹ̀ á fi le, tí ojú vinyl á fi tẹ́jú, tí ariwo kò sì ní rí ọ̀nà gbà sọ̀kalẹ̀.

## Ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín

Ìpele méjì ni pákó adènà-ariwo sábà máa ń ní. Òkè rẹ̀ le: ó lè jẹ́ chipboard, tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, tàbí MDF, tí wọ́n fi fọ́nrán igi wẹ́wẹ́ tẹ̀ pọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀: fóòmù ni lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà mìíràn rọ́bà tàbí òwú tí wọ́n tẹ̀ pọ̀. Wọn kì í kàn án mọ́ ilẹ̀. Wọ́n máa ń tò ó sórí kọnkéré tàbí sórí ilẹ̀ pákó tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù so etí rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ ògiri ká kí pákó má baà fara kan ògiri. Ṣe ló léfòó. Bí ẹnìkan bá ń rìn lórí rẹ̀, inú fóòmù ni ọ̀pọ̀ ipá ẹsẹ̀ ń kú sí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé àjà ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀.

Síkúrúù tó bá la fóòmù já ti di afárá. Ariwo á gun orí irin náà, á sọ̀kalẹ̀ wọ inú igi tàbí kọnkéré, fóòmù kò sì ní lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Síkúrúù 40 mm ló wà nínú àpótí mi, plywood mi jẹ́ 6 mm, apá líle pákó tó wà nílẹ̀ jẹ́ 18 mm, fóòmù abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 10 mm. Mi ò ro ìṣirò kankan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí síkúrúù wọlé. Nígbà tí mo parí, ilẹ̀ náà dúró digbí, kò dún, kò mì, inú mi dùn sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀ fi gòkè wá sọ pé òun ń gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ ọmọ tí òun kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀. Síkúrúù tí mo yọ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, lọ́kọ̀ọ̀kan, vinyl tuntun sì ti wà lórí rẹ̀ kí n tó mọ̀. Gbogbo rẹ̀ la ká kúrò.

## Ṣé plywood pọn dandan?

Nígbà mìíràn kò pọn dandan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára tà á fún yín.

Bó bá jẹ́ vinyl tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ 2 mm sí 3 mm lẹ fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, yálà onírólù tàbí pélébé-pélébé, plywood ṣe pàtàkì. Vinyl bẹ́ẹ̀ kì í bo àṣírí. Gbogbo ibi tí pákó méjì ti pàdé, gbogbo kòtò kékeré àti orí ìṣó tó yọ, yóò fara hàn lójú rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Yàtọ̀ sí èyí, omi inú gọ́ọ̀mù lè mú kí etí chipboard wú.

Bó bá jẹ́ vinyl tó nípọn, 4 mm sí 6 mm, tí etí rẹ̀ ń há sínú ara wọn láìlo gọ́ọ̀mù, ó ṣeé ṣe kí ẹ tẹ́ ẹ tààrà sórí pákó adènà-ariwo bí ilẹ̀ bá tẹ́jú tí kò sì rọ̀ jù. Ẹ ka ìwé tí àwọn tó ṣe vinyl náà fi sínú páálí. Àwọn kan gbà á, àwọn kan kò gbà á, torí pé bí ilẹ̀ bá ń rì sísàlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ibi tí vinyl ti há mọ́ra á máa ṣẹ́.

Bí ẹ bá sì jẹ́ ayálégbé, tàbí tí ilé yín jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ ilé nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ẹ ka ìwé àdéhùn yín ná. Ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ló sọ ohun tí ẹ lè ṣe sí ilẹ̀ àti ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú pákó tó wà nílẹ̀

Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wá ibi tí etí pákó ti hàn: ẹnu ọ̀nà lábẹ́ irin tó bo etí ilẹ̀, ibi tí páìpù ti wọlé, tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fi rúlà wọn apá líle lọ́tọ̀, kí ẹ wọn apá rírọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n lè ti lo oríṣi pákó méjì nínú ilé kan, nítorí náà ẹ wọn ti yàrá kọ̀ọ̀kan.

- Chipboard 18 mm tàbí 22 mm lórí fóòmù. Èyí ló rọrùn jù. Ìdè kúkúrú (stápúlù tàbí síkúrúù ni mo ń pè ní ìdè) á rí ibi tó nípọn dì mú.
- MDF tó jẹ́ bíi 9 mm lórí fóòmù. Kò nípọn tó fún síkúrúù. Gọ́ọ̀mù ni kí ẹ gbára lé, mo ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀.
- Pákó rírọ̀ tí kò ní apá líle rárá. Ẹ má kan ohunkóhun mọ́ ọn. Ìpele plywood méjì tó dá dúró ló yẹ ẹ́.
- Pákó wíwúwo tí òkè rẹ̀ jẹ́ gypsum (ohun tí wọ́n fi ń ṣe POP) tàbí ohun tó jọ sìmẹ́ńtì. Stápúlù kì í dúró dáadáa nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ṣe é bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

## Ìṣirò tó ń gba ilẹ̀ yín là

Ẹ ro bí plywood ṣe nípọn tó pọ̀ mọ́ bí apá líle ṣe nípọn tó. Ẹ yọ 3 mm kúrò. Ìdè yín kò gbọ́dọ̀ gùn ju iye tó kù lọ.

- Plywood 6 mm + chipboard 18 mm = 24 mm. Yọ 3, ó ku 21 mm. Ẹ ra 20 mm.
- Plywood 6 mm + chipboard 22 mm = 28 mm. Yọ 3, ó ku 25 mm. Ẹ ra 25 mm.
- Plywood 9 mm + chipboard 18 mm = 27 mm. Yọ 3, ó ku 24 mm. Ẹ ra 20 mm.
- Plywood 6 mm + MDF 9 mm = 15 mm. Yọ 3, ó ku 12 mm. Nínú 12 mm yìí, 6 mm péré ló máa wọ inú MDF. Kò tó.

Ẹ má fojú kéré 3 mm tí a yọ. Orí síkúrúù máa ń rì wọlé díẹ̀, ìyẹn sì ń ti ẹnu rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ sí i. Èyí tún dáàbò bo páìpù omi àti wáyà iná tó bá wà lábẹ́ fóòmù.

Láàárín stápúlù àti síkúrúù, stápúlù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yà síra bó ṣe ń wọlé ni mo fẹ́ràn fún plywood 6 mm. Ó yá, kì í tú, orí rẹ̀ kì í sì í ga. Bí ẹ kò bá ní ìbọn stápúlù, síkúrúù tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ dára. Ìṣó tí ara rẹ̀ dán ni kí ẹ sá fún: bí ilẹ̀ yìí ṣe ń mì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, yóò máa fà á sókè títí orí rẹ̀ á fi gbé vinyl yín.

## Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó ná owó

Plywood kì í wo ilẹ̀ tó ń ṣàìsàn sàn. Ó kàn ń bò ó ni.

- [ ] Ẹ rìn káàkiri pẹ̀lú bàtà tó le. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó bá dún tàbí tó rì.
- [ ] Ẹ fi rúlà irin tó gùn tó 2 m lé ilẹ̀ ní ọ̀nà púpọ̀. Àlàfo abẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 3 mm lọ.
- [ ] Ẹ wo etí pákó méjì tó pàdé: ṣé ọ̀kan ga ju èkejì lọ? Ṣé gọ́ọ̀mù àárín wọn ti já?
- [ ] Ẹ wo ọ̀rinrin: àwọ̀ tó ṣókùnkùn, òórùn bíbu, etí chipboard tó wú.
- [ ] Ẹ wo ilẹ̀kùn: plywood 6 mm àti vinyl 2 mm á gbé ilẹ̀ ga ní 8 mm. Ṣé á ṣì ṣí?

Lórí ọ̀rinrin, mo bẹ̀ yín, ẹ má kánjú. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Chipboard tó bá ti wú kì í padà sí bó ṣe wà, vinyl sì máa ń ti ọ̀rinrin mọ́lẹ̀ kó má lè jáde. Bó bá jẹ́ pé kọnkéré tuntun ló wà nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin rẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ilẹ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kó má ju 75% lọ nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ orí kọnkéré náà. Bó bá jẹ́ páìpù ló ń jò, ẹ tún un ṣe, ẹ pààrọ̀ pákó tó ti bà jẹ́, ẹ dúró kí gbogbo rẹ̀ gbẹ.

Ìkìlọ̀ kan ṣì wà: nínú ilé àtijọ́, táìlì ilẹ̀ àti gọ́ọ̀mù dúdú abẹ́ rẹ̀ lè ní asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé létí yàrá tàbí lábẹ́ pákó, ẹ má fá a, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá eruku rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ní ìmọ̀ nípa rẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- [ ] Plywood tí wọ́n ṣe fún àtẹ́lẹ̀ ilẹ̀, 6 mm ó kéré tán, tí ojú rẹ̀ dán tí inú rẹ̀ kò sì ní ihò. Pákó 1220 × 610 mm rọrùn láti gbé ju 1220 × 2440 mm lọ
- [ ] Stápúlù tàbí síkúrúù tí gígùn rẹ̀ bá ìṣirò yín mu
- [ ] Ayùn, tépù ìwọ̀n, rúlà irin gígùn, pẹ́ńsù
- [ ] Gọ́ọ̀mù igi tí omi kì í tètè tú
- [ ] Pọ́tì ilẹ̀ tó ṣeé tẹ̀ díẹ̀ láìsán, àti ọ̀bẹ pọ́tì fífẹ̀
- [ ] Sáńpépà, ẹ̀rọ tó ń fa eruku, ìbòmú, ìbòjú, aṣọ tàbí fóòmù fún eékún

Ẹ má ra plywood tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò tàbí oògùn ìdíbàjẹ́ rẹ. Oògùn náà lè gòkè wá, kó sì pa àwọ̀ vinyl dà sí ìyeyè tàbí àwọ̀ ilẹ̀.

## Ìgbésẹ̀

1. Ẹ gbé plywood wọ yàrá ní wákàtí 48 ṣáájú. Ẹ tò ó pẹrẹsẹ, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Yàrá náà gbọ́dọ̀ ní irú ooru tí yóò máa ní nígbà tí èèyàn bá ń gbé ibẹ̀. Plywood tó bá wọlé tútù, tí wọ́n kàn lójú ẹsẹ̀, á sún kì, etí rẹ̀ á sì là.

2. Ẹ tú pákó ẹsẹ̀ ògiri, èyí tó yí ìsàlẹ̀ ògiri ká, bó bá ṣeé tú. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ilẹ̀ àti ògiri, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe dúró. Bó bá ti já tàbí tó sọnù níbì kan, ẹ fi òmíràn dí i. Ẹ kò ní gé orí rẹ̀ títí vinyl á fi parí.

3. Ẹ tún ibi tó ń dún ṣe. Níbi tí gọ́ọ̀mù àárín pákó méjì ti já, ẹ fa eruku kúrò nínú àlàfo náà, ẹ da gọ́ọ̀mù igi sí i, ẹ gbé ohun tó wúwo lé e títí di ọjọ́ kejì. Yóò wù yín láti fi síkúrúù gígùn fà á mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe é.

4. Ẹ fá etí tó ga, ẹ gbálẹ̀, ẹ fa eruku. Òkúta kékeré kan lábẹ́ plywood á máa dún lójoojúmọ́.

5. Ẹ to plywood sílẹ̀ láìkàn án. Ibi tí plywood méjì ti pàdé gbọ́dọ̀ jìn sí ibi tí pákó méjì abẹ́ ti pàdé, ó kéré tán 200 mm. Ẹ tò ó bí bíríkì, kí igun mẹ́rin má pàdé lójú kan. Ẹ má jẹ́ kí ègé tín-ínrín bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jù.

6. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi sàmì. Bírò àti máákà kò gbọ́dọ̀ kan ojú plywood, ẹ̀yìn vinyl ńkọ́, kò gbọ́dọ̀ kan òun náà. Yíǹkì wọn máa ń gba inú vinyl gòkè díẹ̀díẹ̀, ohun tí ẹ kọ sábẹ́ á wá hàn lókè lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kò sí ọṣẹ tó ń fọ̀ ọ́.

7. Ẹ gé e. Ẹ fi àlàfo 8 mm sí 10 mm sílẹ̀ láàárín plywood àti ògiri, páìpù àti férémù ilẹ̀kùn. Láàárín plywood sí plywood, kí wọ́n fara kan ara wọn wẹ́rẹ́. Ẹ má fi òòlù gbá wọn há. Ìta tàbí yàrá mìíràn ni kí ẹ ti lo ayùn, kí ẹ sì wọ ìbòmú. Eruku igi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

8. Ẹ dán ìdè wò lórí àjẹkù. Ẹ gbé àjẹkù plywood lé àjẹkù pákó adènà-ariwo, tàbí lé pákó mìíràn tó nípọn tó apá líle yẹn, kí ẹ kan ìdè mẹ́ta sí i, kí ẹ sì yí i padà. Bí ẹ bá rí ẹnu irin nísàlẹ̀, ẹ dá ìdè náà padà síbi tí ẹ ti rà á. Ìgbésẹ̀ yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, òun gan-an ni mi ò ṣe ní yàrá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

9. Ẹ kàn án, láti àárín lọ sí etí. Ẹ dúró lórí plywood náà bí ẹ ti ń kàn án kó lè lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àárín rẹ̀: ìdè kan ní gbogbo 150 mm. Etí rẹ̀: ìdè kan ní gbogbo 100 mm, kó sì jìn sí etí tó 12 mm. Pákó 1220 × 610 mm kan á gba bíi 55 sí 60. Ó pọ̀, mo mọ̀. Ẹni tó bá fi 20 kàn án, afẹ́fẹ́ ló ń tì mọ́ abẹ́ plywood, ibẹ̀ ni yóò ti máa dún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun mẹ́rin, àárín ni ikùn pákó á wú sí.

10. Ẹ fa ọ̀bẹ pọ́tì kọjá lórí gbogbo ìdè. Bí ọ̀bẹ bá dún kíkán lára irin, ìdè náà ga. Ẹ gbá a wọlé díẹ̀ sí i. Kó tẹ́jú pẹ̀lú plywood tàbí kó rì ní ìwọ̀n ìwé kan. Ẹ má fi agbára yí síkúrúù débi tí orí rẹ̀ á fi ya awọ òkè plywood.

11. Ẹ fi pọ́tì dí ibi tí plywood ti pàdé. Ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà fá etí tó bá ga. Ẹ wá fa pọ́tì tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ìpàdé, kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ̀ dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó má di òkè. Pọ́tì sìmẹ́ńtì tó le gan-an kì í pẹ́ lórí ilẹ̀ tó ń léfòó. Ó máa ń sán, á di ìyẹ̀fun, vinyl á sì rì sí ojú ibẹ̀. Èyí tó ṣeé tẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Bó bá gbẹ, ẹ fá a, ẹ fa eruku.

12. Ẹ sùn lé e. Kí ilẹ̀ náà dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún rìn lórí rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ilé dákẹ́. Ohun tó bá dún nísinsìnyí ṣì ṣeé tún ṣe. Lẹ́yìn vinyl, ó di ká a kúrò.

## Bí apá líle bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ìdè

Ọ̀nà méjì ló wà, èkejì ni mo yàn láàyò.

Gọ́ọ̀mù nìkan. Ẹ lo gọ́ọ̀mù ilẹ̀ tó máa ń fà bíi rọ́bà bó bá gbẹ, irú èyí tí wọ́n fi polyurethane ṣe. Ẹ fi trowel eléyín tẹ́ ẹ ká gbogbo abẹ́ plywood. Títo ó ní ṣóńṣó-ṣóńṣó máa ń fi ihò sílẹ̀ tó ń dún. Ẹ gbé plywood lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ to ẹrù tó wúwo sórí gbogbo rẹ̀ fún wákàtí 24. Ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe máa ká plywood yìí lọ́la láìba pákó adènà-ariwo jẹ́. Bí ilé kì í bá ṣe tiyín, ẹ ro ìyẹn dáadáa.

Ìpele plywood méjì tó dá dúró. Ẹ tẹ́ plywood 9 mm àkọ́kọ́ sórí pákó láìfi ohunkóhun dè é. Ẹ tẹ́ 9 mm kejì lé e ní òdìkejì, kí ojú ìpàdé tòkè má bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù igi lẹ méjèèjì pọ̀, ẹ sì fi síkúrúù 15 mm tàbí 16 mm dè wọ́n mọ́ra. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 18 mm, nítorí náà ìdè kan kò ní dé pákó adènà-ariwo. Ẹrù á pín káàkiri, ilẹ̀ á le lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ sì lè tú u lọ́jọ́ iwájú. Ohun tó máa ná yín ni gíga: ilẹ̀ á ga ní 18 mm kí vinyl tó dé. Ẹ wọn ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn ná. Bí ìpele àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn bá kúrú ju ìyókù lọ, ẹsẹ̀ èèyàn á kọ́ níbẹ̀.

## Nígbà tí ẹ bá ń tẹ́ vinyl

Apá yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ilẹ̀ mìíràn. Kí yàrá wà láàárín 18°C sí 27°C láti ọjọ́ kan ṣáájú títí di ọjọ́ kan lẹ́yìn. Ẹ fi ohun ìkunlẹ̀ àkọ́kọ́ kun plywood bí gọ́ọ̀mù yín bá béèrè fún un, kí plywood má baà mu omi gọ́ọ̀mù tán. Ẹ tẹ̀ lé àkókò tí wọ́n kọ sára agolo gọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ vinyl pélébé-pélébé tí wọ́n ń lẹ̀, ẹ yá rólà irin wíwúwo, 68 kg ni oníṣẹ́ sábà máa ń lò, kí ẹ yí i ní gígùn àti ní ìbú.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fi ọ̀bẹ gé orí fóòmù etí ògiri kó bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá ń dá pákó ẹsẹ̀ ògiri padà, ẹ gbé e sókè ní nǹkan bíi 3 mm kúrò lórí vinyl, ògiri ni kí ẹ kàn án mọ́. Pákó ẹsẹ̀ ògiri tó bá tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ti so ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ògiri, ariwo á sì gba ibẹ̀. Ní ilé ìwẹ̀ tàbí ilé ìdáná, ẹ fi sílíkóònù dí àlàfo náà. Ó rọ̀, kò ní di afárá.

## Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù

Dída sìmẹ́ńtì olómi ká gbogbo ilẹ̀. Àwọn kan fẹ́ fo plywood, kí wọ́n kàn da ohun ìtẹ́jú-ilẹ̀ olómi lé pákó adènà-ariwo. Omi rẹ̀ á wọ inú chipboard, á wú u. Bó bá gbẹ, ìrì ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ á là á.

Irin ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ṣọ́ síkúrúù jákèjádò yàrá, wọ́n wá kan irin ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú síkúrúù 50 mm wọ kọnkéré. Ẹ dè é mọ́ apá kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ tí kò léfòó, kí apá kejì kàn bo vinyl. Bákan náà ni ohun tí wọ́n ń kàn mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀kùn má gbá ògiri: ẹ fi èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri dípò rẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ fóòmù pa. Bó bá ṣeé ṣe, kí kọ́bọ́ọ̀dù dúró lórí igi tí wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀, kí pákó adènà-ariwo dé etí rẹ̀ kó dúró. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi síkúrúù de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ kọnkéré gba inú ilẹ̀ tó ń léfòó.

Hardboard àti OSB dípò plywood. Hardboard, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fọ́nrán igi tẹ̀ pọ̀, ń mu omi, ó sì ń ká sókè létí. Ojú OSB, pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi ńláńlá lẹ̀ pọ̀, rí gbágungbàgun, gbogbo ẹ̀rún rẹ̀ ni vinyl á yà síta.

Rọ́bà lórí vinyl. Kápẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà máa ń fi àbàwọ́n ìyeyè sílẹ̀ tí kì í lọ. Ẹ tẹ́ èyí tí kò ní rọ́bà.

## Ìbéèrè kéékèèké

*Omi gbígbóná ń gba abẹ́ ilẹ̀ mi kọjá láti mú yàrá móoru. Ṣé mo ṣì lè ṣe é?* Fóòmù àti plywood á dá ooru dúró díẹ̀, yàrá á pẹ́ kó tó móoru. Ẹ tì í pa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tàn án díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kí ojú vinyl má kọjá 27°C.

*Ṣé plywood á dín ariwo kù sí i?* Ó lè dín ohùn àti rédíò kù díẹ̀ nítorí wíwúwo rẹ̀. Ti ẹsẹ̀, fóòmù ló ń ṣe é. Nínú yàrá gan-an, vinyl lè mú kí ẹsẹ̀ dún ju kápẹ́ẹ̀tì lọ. Bí kápẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ lè gbọ́ ìyàtọ̀ náà, kódà bí ẹ bá ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú.

*Wọ́n ti kan síkúrúù gígùn sí ilẹ̀ mi, kí ni kí n ṣe?* Bí vinyl kò bá tíì sí lórí rẹ̀, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lónìí, ẹ fi kúkúrú rọ́pò rẹ̀ ní ìwọ̀n 30 mm sí ẹ̀gbẹ́ ihò àtijọ́, ẹ fi pọ́tì dí ihò náà. Ihò kékeré inú fóòmù kò ní ṣe ohun púpọ̀. Irin inú rẹ̀ ni wàhálà.

Kí ẹ tó dá pákó ẹsẹ̀ ògiri padà, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: bí apá líle ṣe nípọn tó, bí fóòmù ṣe nípọn tó, bí plywood ṣe nípọn tó, gígùn ìdè tí ẹ lò, àti ọdún tí ẹ ṣe é. Ẹni tó bá tú u lẹ́yìn yín á mọ síkúrúù tó yẹ kó mú wá.